Wọ́n ní kí n kọ ètò ìmọ̀ ẹ̀rọ fún ilé ìwé wa, ẹ gbà mí o

Tíṣà Yorùbá
Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, kí ló kàn mí kan kọ̀ǹpútà? Nítorí pé èmi ni mò ń bá wọn tẹ ìbéèrè ìdánwò, ọ̀gá wa pè mí lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n ní kí n kọ “technology plan” wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí owó dátà, kò sí bébà. Igbákejì wọn tó ń fi sátífíkéètì kọ̀ǹpútà yangàn ní staff room kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín ni. Ọkọ mi ní kí n wá ti ilé ìwé mìíràn lórí Google, kí n pààrọ̀ orúkọ. Gbogbo èyí tí mo rí, ti ìlú òyìnbó ni, níbi tí iná kì í ti í lọ. Kí ni wọ́n ń kọ sínú ẹ̀ gan-an?

Bàbá Inverter
Àǹtí, ẹ kú wàhálà. Ọmọ mélòó? Ṣé NEPA ń dé ọ̀dọ̀ yín? Ẹ ò sọ ọ̀kankan. Ẹ kọ ti iná ṣáájú ẹ̀rọ. Chárjà laptop sábà máa ń jẹ́ wáàtì 65. Mẹ́wàá ti di 650 nìyẹn, a ò tíì ka fáànù. Ẹni tó bá sọ pé inverter 1kVA máa gbé ogún laptop, ẹ sá fún un.

Màmá Tóbi
Ilé ìwé àdáni tí ọmọ mi lọ gba owó tablet lọ́wọ́ wa. Skrín fọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Inú àpótí mi ló wà. Ọmọ náà ti ń sin ìjọba báyìí.

Ọmọ Ọ̀ṣun
Kì í ṣe ẹjọ́ tablet, màmá. Ọpọ́n Ìmọ̀, tablet tí ìjọba pín fún wa l'Ọ́ṣun ní 2013, ìwé ti wà nínú ẹ̀, kò béèrè dátà.

Ọ̀gá Àná
Tíṣà ń sọ pé kọ̀ǹpútà ò kan òun! JAMB ti pa bébà tì láti 2015, WAEC náà ń tẹ̀ lé e. Yàrá CBT, ti ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ kọ sínú ètò. Kọ̀ǹpútà 50.

Bàbá Inverter
50! Ẹ̀yin lẹ máa ra dísù ni, sà?

Tíṣà Yorùbá
Ẹ má bínú sà, mo mọ̀ ọ́n lò, mi ò ní kí n má ṣe é. Igbákejì ọ̀gá tó ní sátífíkéètì kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ ni mo sọ. Àwọn ọmọ lé ní 600. Tíránsífọ́mà àdúgbò ti jó, jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo, ọ́fíìsì ọ̀gá ló ń gbé.

Ìyá Ìwé
Ta ló ní kí wọ́n kọ ètò yìí, ma?

Tíṣà Yorùbá
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tó wà ní London. Ilé ìkàwé ni wọ́n fẹ́ tún ṣe. Wọ́n ti kó laptop àlòkù 12 ránṣẹ́, ó wà ní títì lọ́dọ̀ ọ̀gá láti Kérésì. Wọ́n ní àwọn ò ní fi kọ́bọ̀ kún un títí wọ́n á fi rí ètò.

Bàbá Inverter
Ilé ìkàwé! A sì ti ń jà lórí CBT látàárọ̀.

Ìyá Ìwé
Ó ti yàtọ̀ nìyẹn. Ẹ má tọrọ laptop mọ́, sólà àti bátìrì ni kí ẹ tọrọ, kí ẹ sì kọ owó tí wọ́n á fi pààrọ̀ bátìrì tó bá kú sí i. Ẹ wo àwọn 12 yẹn: tó bá jẹ́ Windows 10 ló wà lórí wọn, ìtọ́jú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Microsoft ti parí ní October 14, 2025. Linux wà tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi Kolibri, áàpù ẹ̀kọ́ kan, sórí ọ̀kan, kí àwọn yòókù máa gbà á láti ara rẹ̀ lórí Wi-Fi. Tí ẹ bá ti kó ẹ̀kọ́ sínú ẹ̀, kò nílò dátà. Lẹ́yìn náà, kíláàsì wo ló ń wọlé ní wákàtí wo? Ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́? Ibẹ̀ ni London máa kọ́kọ́ kà.

Ọ̀gá Àná
Mo ṣì ní kí wọ́n ṣe CBT.

Tíṣà Yorùbá
Ẹ ṣé gan-an, ma. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ló ń mú kọ́kọ́rọ́, àwọn náà ló sì máa buwọ́ lu ètò ọ̀hún.

Ìyá Ìwé
Ẹ jẹ́ kí alága PTA náà buwọ́ lù ú. Kí ẹ kọ orúkọ ẹni méjì sídìí kọ́kọ́rọ́.