Ìbọn nínú báàgì, ṣé ó bọ́gbọ́n mu? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ wà ní Texas, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ibi tí mò ń páàkì sí ṣókùnkùn biribiri, lọ́sẹ̀ tó kọjá ọkùnrin kan tẹ̀lé mi títí dé ẹnu mọ́tò, àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ọkọ mi ní kí n ra ìbọn ìléwọ́. Mo mọ̀ pé láti oṣù kẹsàn-án 2021 ẹni tó bá ti pé ọdún 21 tófin ò dí lọ́wọ́ lè gbé e níbí láìgba láísẹ́ǹsì, ìyẹn kọ́ ni wàhálà mi.

Aṣọ iṣẹ́ wa ò ní bẹ́líìtì tí mo lè fi há a, báàgì ló kù, kò kúkú sẹ́ni tó máa rí i. Àmọ́ tólè bá já báàgì gbà ńkọ́? Kí n tó tú síìpù, kí n tó wá a láàárín kọ́kọ́rọ́ àti ìpara, ó ti parí. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta sì rèé, tí mo bá ti wọlé báàgì mi ló ń tú, bisikíìtì ló ń wá. Ẹ rántí ìyá tí ọmọ ẹ̀ ọlọ́dún méjì yìnbọn pa ní ilé ìtajà Walmart ní Idaho lọ́dún 2014, inú báàgì tí wọ́n dìídì ṣe fún ìbọn lọmọ náà ti mú un o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé e, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ṣé àpò ìbọn tó bo trigger, ibi tí wọ́n ń fà kí ìbọn yìn, ṣeé gbára lé nínú báàgì? Àbí kí n kàn ra pepper spray, ata tí wọ́n ń fín sólè lójú?