Mo fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ dípò mọ́tò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

bàbá_ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù méjì. Láti ilé mi dé ibi iṣẹ́ ò ju kìlómítà 7 lọ, mọ́tò ni mò ń gbé lọ, àmọ́ pẹ̀lú gósílóò àárọ̀ ó máa ń gbà mí tó ìṣẹ́jú 40, ìgbà míì ó tiẹ̀ ń lé, tí mo bá sì débẹ̀ tán màá tún máa yípo kiri wá ibi tí màá páàkì sí. Lọ́jọ́ kan báyìí mo dúró níbi iná tírááfíìkì, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so báàgì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mi ò tiẹ̀ kà á sí. Ìgbà tí mo fi máa dé ọ̀hún, ọkùnrin yìí ti so kẹ̀kẹ́ ẹ̀ mọ́ irin, ó ń nu ojú, ó ń wọlé lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Dókítà náà ti sọ pé mo ń jókòó jù, látorí síìtì mọ́tò bọ́ sórí àga ọ́fíìsì, látorí àga ọ́fíìsì padà sórí síìtì mọ́tò. Ẹni ọdún 43 ni mí, ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gun kẹ̀kẹ́ kẹ́yìn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn mọ́tò tó ń sáré, lẹ́yìn náà òógùn, òjò, àti pé èmi ni mò ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, ó ní ẹni tó wà nínú mọ́tò, irin ló yí i ká, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, òun ló yí irin ká. Mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn.

ológeere_àárọ̀:
Ẹ kú ìrònú o. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, mọ́tò mi ṣì wà nílé, mi ò tà á, torí náà ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àfi kẹ́ ẹ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ ju ìkejì nù. Kìlómítà 7 ò jìnnà. Ẹni tí ò kánjú rárá á gun tó kìlómítà 15 láàárín wákàtí kan, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ó dín díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 30, gósílóò wà o, gósílóò ò sí o, ìṣẹ́jú yẹn náà ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ara ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, tẹ́ ẹ bá lọ tẹ́ ẹ bọ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta péré ẹ ti kọjá iye yẹn, ẹ ò sì wá àyè ọ̀tọ̀ fún eré ìdárayá kankan.

Àmọ́ ohun tí mo torí ẹ̀ wá kọ ọ̀rọ̀ gan-an rèé, torí òun ló kù díẹ̀ kó lé mi kúrò lórí kẹ̀kẹ́ lóṣù àkọ́kọ́: ọ̀nà tẹ́ ẹ ń gbé mọ́tò gbà, ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ gbà á. Títì ńlá tí mo mọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbà. Tí tírélà bá ti kọjá, atẹ́gùn ẹ̀ á ti kẹ̀kẹ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú débi pé tí mo bá débi iṣẹ́, ìka mi ò ní fẹ́ ṣí. Mo ti ń sọ pé mi ò ṣe mọ́. Ló di ọjọ́ Sátidé kan, mo ní kí n kàn fẹsẹ̀ rìn gba ẹ̀yìn àdúgbò, àṣé ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́yìn ògiri iléèwé tí mo ti ń rí láti ọjọ́ yìí, ó já sórí afárá kékeré tí mọ́tò ò lè gbà. Ó fi bíi kìlómítà kan jìn ju títì lọ, síbẹ̀ àkókò tó ń gbà mí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ torí kò sí iná tírááfíìkì kankan níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbádùn ẹ̀. Àárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ohùn ẹyẹ báyìí, nígbà tí mo ń gbé mọ́tò fèrè ni mò ń gbọ́.

Torí náà ẹ gbé kẹ̀kẹ́ jáde lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ò lọ síbi iṣẹ́, kẹ́ ẹ wá ọ̀nà tiyín, kẹ́ ẹ sì wo iye ìṣẹ́jú tó gbà yín. Tẹ́ ẹ bá sì wà lójú títì, ẹ má rìn mọ́ mọ́tò tó páàkì tímọ́tímọ́, ẹ fi bíi mítà kan sílẹ̀, torí ẹnikẹ́ni lè ṣílẹ̀kùn láìwẹ̀yìn. Tírélà ńkọ́, ẹ má dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láé, pàápàá tó bá fẹ́ yà. Tẹ́ ò bá rí ojú dírẹ́bà nínú dígí ẹ̀, òun náà ò rí yín.

àǹtí_pẹ́dà:
Ọ̀rọ̀ òógùn ni èmi wá dá sí. Ẹ má gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni gbogbo òógùn ń gbà wá, ẹ so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ bíi ti ọkùnrin tẹ́ ẹ rí yẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn, ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì dé, ẹ má sáré pààrọ̀ aṣọ, torí ìgbà téèyàn bá dúró ni òógùn máa ń jáde gan-an, atẹ́gùn tó ń fẹ́ síni lára ti dáwọ́ dúró, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kára tutù ná. Bàtà iṣẹ́ mi ò kì í kúrò ní ọ́fíìsì.

Ẹ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún sókè tàbí kẹ́ ẹ dì í, ọ̀tún ni ṣéènì wà. Ọjọ́ tí tèmi wọ̀ ọ́, ṣe ló ń wé e lọ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò lè kanlẹ̀ mọ́, orí ló yọ mí pé orí koríko ni mo ṣubú sí.

Gíga síìtì náà ṣe pàtàkì. Odidi ọdún kan ni orúnkún fi dùn mí, mo rò pé ọjọ́ orí ni, àṣé síìtì ló wálẹ̀ jù. Ẹ jókòó lé e, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà tán. Tó bá ṣì tẹ̀, ẹ gbé síìtì sókè. Tó bá sì ti rọ̀jò, ẹ tètè máa tẹ bíréèkì torí kì í mú bíi ti ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀dà funfun tí wọ́n kùn sójú títì àti ìdérí irin inú ilẹ̀, wọ́n máa ń yọ̀ gan-an.

mo_ti_gùn_ún_rí:
Ẹ má bínú o, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ apá kejì. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi gùn ún, mo sì ti padà sínú mọ́tò. Ẹnì kan ló ṣílẹ̀kùn mọ́tò sí mi, egungun èjìká mi kán, oṣù méjì ni mi ò fi lè gbé ọwọ́ òsì dé orí. Ẹni yẹn sunkún, ó ní òun ò rí mi, mo sì gbà á gbọ́. Ká ní ó fi ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ṣí i ni, ara ẹ̀ ì bá yí, ojú ẹ̀ ì bá wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kọ́ra.

Ìyàwó yín ò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sọ́wọ́ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ nìkan, títì náà lọ́wọ́ níbẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń tọ́ka sí Netherlands, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti pọ̀ ju èèyàn lọ, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a láyé. Lọ́dún 1971 èèyàn tó lé ní 3,000 ló kú sójú títì wọn, ọmọdé tó lé ní 400 wà níbẹ̀. Àwọn òbí ló jáde sójú títì, wọ́n ní kí wọ́n yéé pa àwọn lọ́mọ, epo rọ̀bì náà wá wọ́n lọ́dún 1973 débi pé wọ́n fòfin de mọ́tò lọ́jọ́ Sunday, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ padà, tí wọ́n ń la ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Tí wọ́n bá la irú ẹ̀ níbi tí mò ń gbé, ọ̀la ni màá gbé kẹ̀kẹ́ mi jáde. Ó ṣì wà nílé, mo ṣì ń nù ún.

ológeere_àárọ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó dùn mí láti kà á. Òótọ́ lẹ sọ. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà ẹ̀yìn rárá, tó jẹ́ títì ńlá nìkan ló wà, èmi náà ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó máa lọ.

ọwọ́_gírísì:
Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ fọwọ́ tẹ táyà, ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì, ẹ wo ṣéènì. Iye afẹ́fẹ́ tí táyà ń fẹ́ wà lára ẹ̀ létí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Táyà tó rọ̀ ló ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ wúwo, ọ̀pọ̀ tó sọ pé kẹ̀kẹ́ le, táyà wọn ni. Iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tì í, kọ́kọ́rọ́ yẹn gbọ́dọ̀ gba inú irin kẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀ kọjá, tó bá jẹ́ táyà iwájú nìkan lẹ tì, táyà nìkan lẹ máa padà bá.

bàbá_ìbejì:
Ẹ ṣeun gbogbo yín, Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa lójú ọ̀nà. Mo gbé e jáde láàárọ̀ Sunday. Ṣùgbọ́n kí n tó gùn ún, èmi àti ìyàwó mi kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà ẹ̀yìn náà, òun fúnra ẹ̀ ló rí ibi tá a lè gbà tá ò fi ní gorí títì ńlá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú 34, itan mi ń gbọ̀n nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, inú mi sì dùn débi pé mi ò lè jókòó. A ti fẹnu kò: Ajé, Ọjọ́rú, Ẹtì, kẹ̀kẹ́, ọjọ́ méjèèjì tàwọn ọmọ, mọ́tò. Tí òjò bá ṣú, mọ́tò.

Ìbéèrè kan ló kù. Wọ́n ń tún ìparí ọ̀nà yẹn ṣe, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, táyà ń yọ̀. Ṣé kí n rọra gùn ún kọjá ni?

ológeere_àárọ̀:
Rárá o. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tì í kọjá. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.