Ìfọwọ́sí kọ́ ni ìyọ̀ǹda

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka àbá yín pé kí á máa pe ẹni tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ìṣègùn lára rẹ̀ ní "ẹni-àdánwò", kí á sì pe gbígbà tó gbà láti kópa ní "ìfọwọ́sí". Ti àkọ́kọ́ ò le. Ẹ pe abiyamọ kan ní Ìbàdàn ní ẹni-àdánwò, á bi yín pé ṣé òun lẹ fẹ́ fi dánra wò ni. "Olùkópa" ti wà lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì, ó tó wa lò.

"Ìfọwọ́sí" ni mi ò lè gbà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa túmọ̀ fọ́ọ̀mù ìwádìí, kí n sì kà á sétí àwọn abiyamọ. Lọ́jọ́ kan, mi ò tíì ka ojú ìwé kejì tán tí ìyá kan tó pọnmọ ti na àtàǹpàkò sí mi: "Níbo ni kí n tẹ̀ ẹ́ sí?" Mo ní kó jẹ́ kí n kà á tán ná. Ó ní, "Ẹ̀yin dókítà kúkú ti mọ̀ ọ́n." Èmi tí mi ò ṣe dókítà! Ṣùgbọ́n ìyá yẹn ò jẹ̀bi. A ní kó wá fọwọ́ sí i, ó sì mú ọwọ́ wá.

Ìwé ilẹ̀ là ń fọwọ́ sí, ìwé báńkì náà ńkọ́. Tí ọwọ́ bá ti kàn án, ó parí nìyẹn. Olùkópa ìwádìí ò rí bẹ́ẹ̀: ó lè yọwọ́ nígbàkígbà, wọn ò sì gbọdọ̀ torí ẹ̀ fi ìtọ́jú dù ú. Ẹni tó ni nǹkan ló ń yọ̀ǹda rẹ̀, ẹni tó sì yọ̀ǹda yàrá fún àlejò ṣì ni onílé. Nítorí náà, "ìyọ̀ǹda àgbọ́yé" ni àbá tèmi: ó gbọ́, ó yé e, ó sì fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara rẹ̀. Kí á fi fífọwọ́ sí sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìlànà ìwádìí wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan ní a kàn ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ọ̀rọ̀ kẹ̀ ni wọ́n fi mú àwọn èèyàn ní Tuskegee, ní Alabama, láti 1932 títí di 1972! Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà kó ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 399 tó ní àrùn sífílísì jọ, kí wọ́n lè wo ohun tí àrùn náà máa ṣe lára ẹni tí wọn ò tọ́jú. Wọn ò dárúkọ àrùn náà fún wọn. "Ẹ̀jẹ̀ burúkú" ni wọ́n pè é, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pe oríṣiríṣi àìlera. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn wọn lọ yẹ̀ wò, lẹ́tà tí wọ́n fi pè wọ́n ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́ àkànṣe ni. Pẹnisílíìnì dé, ó ń wo àrùn náà, wọn ò fún wọn.

Nílé níbí náà, iléeṣẹ́ apoògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé ní Kánò ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà. Nǹkan bí 200 ọmọ ló wà nínú ìwádìí náà. Ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn òbí fẹnu gbà. Àwọn òbí kan ní ìtọ́jú làwọn mọ̀, àwọn ò gbọ́ ìwádìí. Ní 2009, Pfizer gbà láti fi mílíọ̀nù 75 dọ́là yanjú ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fa igi lé "ìtọ́jú" tí mo bá ti rí i níbi tó yẹ kí "ìwádìí" wà.

Ó ku hóró tí kò ní oògùn nínú, tí wọ́n máa ń fún apá kan àwọn olùkópa. Ẹ̀yin pè é ní "ayédèrú oògùn". Ẹ̀gbọ́n, ní ìlú tí NAFDAC ti ń dáná sun ayédèrú oògùn! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá òmíràn kí ọjọ́ Ajé tó dé, fọ́ọ̀mù kan wà nílẹ̀ níwájú mi.