Kọ̀ǹpútà mi ò lágbára: géèmù RPG wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Ọ̀ṣun béèrè:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà ti sú mi pátápátá. Géèmù tó ní ìtàn gidi nínú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní RPG, ni mo ń wá, èyí tí màá ti máa bá àwọn tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ohun tí mo bá sọ á sì máa yí nǹkan padà. Baldur's Gate 3 ni gbogbo èèyàn ń pariwo, àmọ́ 150GB ni wọ́n ní kéèyàn wá àyè fún. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ò tó bẹ́ẹ̀: RAM 4GB ló ní, kò sì ní graphics card (ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde) tirẹ̀, ká má tíì wá sọ ti owó dátà. Mi ò sá fún ìwé kíkà, bí àwòrán rẹ̀ ò bá sì dán, kò kàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Àjọkẹ́ dáhùn:

Àbúrò, ó dùn mọ́ mi pé o ò sá fún ìwé kíkà, torí àwọn tó dùn jù lọ nínú irú géèmù yìí, ọ̀rọ̀ ló kún inú wọn fọ́fọ́, wọ́n sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Kọ̀ǹpútà tìrẹ á gbé wọn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Fallout àkọ́kọ́ ni kó o mú, èyí tí Interplay gbé jáde lọ́dún 1997. Má bẹ̀rẹ̀ látorí Fallout 4 o. Ìyẹn wúwo jù fún ẹ̀rọ rẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu inú rẹ̀ ò sì jinlẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Bọ́ǹbù átọ́míìkì ti sọ ayé di aṣálẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní Vault 13 ni wọ́n sì bí ọ sí. Ohun kékeré kan nínú ẹ̀rọ omi yín bà jẹ́, wọ́n wá ní ìwọ ni kó o jáde lọ wá òmíràn. Ọjọ́ 150 ni omi tó kù lè gbé yín. Ọjọ́ yẹn ń lọ lóòótọ́: bó o ṣe ń rìn lórí máàpù ni kàlẹ́ńdà ń ṣí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé irú ẹni tó o bá dá sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ló máa sọ irú ayé tó o máa bá pàdé. Wọ́n á ní kó o pín àmì sórí agbára, ọpọlọ, ìyára, oríire àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bó o bá jẹ́ kí ọpọlọ kéré jọjọ, ẹni rẹ ò ní lè to ọ̀rọ̀ pọ̀. Á kàn máa kùn hùn-ún hùn-ún ni, iṣẹ́ tí wọn ì bá fún un á sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ pé tó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá tó gbẹ̀yìn kó fi ẹnu lásán borí rẹ̀, láìyìnbọn ẹyọ kan, bó bá ṣáà ti mú ẹ̀rí dání pé ohun tí ọ̀tá náà ń lépa ò lè yọrí síbi kankan. Ọdún 1997 nìyẹn o! Ọ̀pọ̀ géèmù òde òní ò tíì débẹ̀.

Tó o bá parí rẹ̀, Planescape: Torment ti ọdún 1999 ló kàn. Orí tábìlì nílé òkú ni wàá ti jí, o ò mọ orúkọ ara rẹ, agbárí òkú kan tó ń fò kiri ló kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Òun náà ló máa bá ọ ka ohun tí wọ́n fín sí ọ lẹ́yìn, torí ojú rẹ ò lè débẹ̀. O ò lè kú. Àní ibì kan wà tó jẹ́ pé kíkú gan-an ló máa là ọ́ lọ́nà. Ìjà inú rẹ̀ ò dáa, mi ò ní purọ́ fún ọ, torí náà ọgbọ́n, ọpọlọ àti ọ̀yàyà ni kó o da àmì rẹ sí. Bí ọgbọ́n rẹ bá ṣe pọ̀ tó ni ìrántí ayé rẹ àtẹ̀yìnwá á ṣe máa padà bọ̀. Ẹ̀dà tí Beamdog tún ṣe lọ́dún 2017 ni kó o rà, lẹ́tà rẹ̀ ṣe é kà lójú kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí.

Orí GOG, ìyẹn ìsọ̀ géèmù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kó o ti rà wọ́n. Wọn kì í ti géèmù mọ́ni lọ́wọ́: tó o bá ti dáńlóòdù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, o lè kó o sórí fúláàṣì, kò tún ní máa béèrè íntánẹ́ẹ̀tì.

Mọ́remí_K dáhùn:

Òótọ́ ni Bàbá Àjọkẹ́ sọ, àmọ́ mi ò lè dákẹ́ lórí Morrowind, tí Bethesda ṣe lọ́dún 2002. Kò sí ọfà kankan tó ń tọ́ka ọ̀nà níbẹ̀. Wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n á gbé ẹrù kan fún ọ pé kó o mú un lọ fún ọkùnrin kan ní Balmora, ó tán. Ẹnu lo máa fi béèrè ọ̀nà, ojú lo máa fi wá a. Kò síbi tí mo ti mọ ilẹ̀ géèmù kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìmọ̀ràn kan péré: má sáré lọ bá ẹni tó o fẹ́ bá jà. Bí okun rẹ bá ti tán, idà á kàn máa kọjá lára ọ̀tá láìbà á ni, èyí ló sì ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn pa á tì. Rìn jẹ́jẹ́, sinmi, kó o tó fa idà yọ.

Táíwò_Ìjẹ̀bú dáhùn:

Undertale náà ńkọ́? Kékeré ni, ọdún 2015 ni Toby Fox gbé e jáde, òun fúnra rẹ̀ ló kọ orin inú rẹ̀. O lè parí ẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni. Tó o bá sì fẹ́ tilẹ̀ Áfíríkà, ẹ wo Aurion: Legacy of the Kori-Odan, ti Kiro'o Games ní Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Cameroon, ọdún 2016. Ọmọ ọba ni ọ́, àna rẹ gba orí oyè mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ọ́ jẹ, ìwọ àtìyàwó rẹ lẹ jọ jáde lọ wá ìrànlọ́wọ́. Ìjà rẹ̀ yá ju ti àwọn tí wọ́n ti dárúkọ lọ, ọwọ́ gbọ́dọ̀ yá.

Ọmọ_Ọ̀ṣun:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ra Fallout, ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Kí ni kí n da àmì sí? Ibo ni kí n sì kọ́kọ́ gbà?

Bàbá Àjọkẹ́:

O ṣeun o. Ìyára ni kó o kọ́kọ́ gbé ga, òun ló ń sọ iye nǹkan tó o lè ṣe tó bá kàn ọ́ nínú ìjà. Ọpọlọ ló tẹ̀ lé e. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta tí wọ́n á ní kó o yàn, mú ọ̀rọ̀ sísọ, ìbọn kéékèèké àti àgádágodo ṣíṣí. Ibikíbi ló ti gbà kó o tọ́jú ibi tó o dé, máa ṣe é lemọ́lemọ́, pàápàá bí bátìrì rẹ ò bá gbé iná pẹ́.

Ìlà oòrùn ni kó o forí lé, wàá kan abúlé Shady Sands. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ian, háyà rẹ̀, ó wúlò. Ṣùgbọ́n má gbé ìbọn SMG, èyí tó ń da ọta jáde léraléra, fún un láé, torí ọ̀tá tó wà níwájú rẹ ló máa fẹ́ yìn ín fún, ẹ̀yìn rẹ ló sì máa bà. Kó o tó kúrò níbẹ̀ lọ sí Vault 15, ibùgbé abẹ́ ilẹ̀ míì tó dà bí tiyín, wá okùn méjì dání. Láìsí okùn, o ò ní lè sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ọjọ́ tó o fi máa padà wá a, ara 150 yẹn náà ni.