Èsì: Orúkọ wo ló yẹ black metal?

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín, àgbà àti ọmọdé.

Arákùnrin wa tó ń túmọ̀ àròkọ lórí orin ilẹ̀ Norway béèrè pé kí la ó máa pe black metal, irú orin gìtá iná kan tó wúwo létí, ní Yorùbá. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé. Ẹnì kan ní ‘orin irin dúdú’, ẹnì kan ní ‘orin Èṣù’, ìyá wa kan sì ní ká kọ ọ́ bí a ṣe ń pè é, ‘bíláàkì mẹ́tà’, ká yéé da ara wa láàmú. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ohun tí ẹ sì ń kọ fi hàn pé ọ̀pọ̀ yín ò tíì wo ilé yìí. Orin náà wù mí gbọ́. Ìtàn rẹ̀ ni kò ṣeé fi yangàn.

Norway kọ́ ló bí orúkọ náà. Ẹgbẹ́ olórin kan láti Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Venom, ló fi Black Metal pe àwo orin wọn ní 1982. Àwàdà pọ̀ nínú tiwọn; Sátánì tí wọ́n ń dárúkọ, bí ìgbà tí èèyàn ń fi eégún dẹ́rù ba ọmọdé ni. Bathory ní Sweden àti Hellhammer ní Switzerland gbà á lẹ́nu wọn. Ó dé Brazil pàápàá: Sarcófago, àwọn ọmọ Belo Horizonte, gbé I.N.R.I. jáde ní 1987, tàwọn ti ojú tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú àti funfun kun. Àwọn ọ̀dọ́ Norway ń gba kásẹ́ẹ̀tì irú orin bẹ́ẹ̀ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, àwọn náà ń fi tiwọn ránṣẹ́. Ọ̀dọ̀ tiwọn ni àwàdà ti dópin: àwọn kan nínú wọn dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan pànìyàn.

Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, bó ṣe ń dún nìyí: olóhùn ń han bí ẹni ń kú lọ, onígìtá ń ta okùn kan náà léraléra, kíákíá débi pé etí ò lè ya ohùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, onílù kò sinmi. Wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ máa ń gbà á sílẹ̀ kó má dán, kó máa hó ṣìì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi irin, torí irin ti ní olúwa rẹ̀. Bí ẹ bá sọ ‘orin irin’ fún ará Ìrè, Ògún ló máa wá sí i lọ́kàn, ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ, ìjálá àti ìrèmọ̀jé. Gìtá iná tó ń dún gbọnmọgbọnmọ tó sì wúwo létí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ àyálò ló bá a mu, ìyá wa jàre níbẹ̀. Àmọ́ ‘mẹ́tà’ ní wàhálà kan: ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń wọlé síbí kì í ní àmì ohùn, bí ẹnikẹ́ni bá sì kọ ‘orin meta’ láìlámì, orin mẹ́ta ni gbogbo ayé máa kà á sí. ‘Mẹ́tàlì’ ni mo fara mọ́.

‘Dúdú’ ló burú jù nínú àbá àkọ́kọ́ yẹn. Black tí Venom ń sọ, ti idán àti oògùn ìkà ni, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi àwọ̀ dúdú júwe. Àwa kì í fi dúdú ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rẹwà là ń kì ní adúmáadán. Bí ọjọ́ bá burú fún wa, a ò ní ó dú, ọjọ́ burúkú Èṣù gbomi mu la ń pè é. (Kí ẹni tó dábàá ‘orin Èṣù’ má tíì yọ̀, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.)

Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí olùtumọ̀ wa bá dé orí Zeal & Ardor. Ẹgbẹ́ olórin ni, Manuel Gagneux ló dá a sílẹ̀. Ará Switzerland ni bàbá rẹ̀, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni ìyá rẹ̀. Ó máa ń ní kí àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì dárúkọ irú orin méjì, òun á pò wọ́n pọ̀. Ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ èébú pe orin àwọn adúláwọ̀, ó ní kó pò ó mọ́ black metal. Gagneux gbé èébú náà, kò sọ ọ́ nù. Ó kọ orin bí irú èyí tí àwọn ẹrú ń kọ nínú oko òwú, ó da gìtá àti igbe àwọn ará Norway pọ̀ mọ́ ọn, ó di Devil Is Fine, 2016. Ẹ wá fi ‘irin dúdú’ túmọ̀ ìyẹn: ‘ó po orin dúdú mọ́ orin irin dúdú’. Kí lẹni tó kà á máa rí gbá mú níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn kan wà nídìí orin yìí tó kórìíra adúláwọ̀ ní gbangba. Ṣé ká wá fi àwọ̀ wa sọ wọ́n lórúkọ?

Ó kan Èṣù. Àríyànjiyàn pé Èṣù yàtọ̀ sí Sátánì ti sú ọ̀pọ̀ yín, n kò ní tún un rò látòkè délẹ̀. Bíbélì tí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ló fi Èṣù sípò Bìlísì, ibẹ̀ la sì wà títí dòní. Nínú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, àṣìtúmọ̀ yẹn á ba ìtàn jẹ́ ni. Sátánì àwọn ọmọ Oslo àti Bergen, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti mú un jáde. Ìjọ Luther ni ìjọ ìjọba nílẹ̀ wọn nígbà yẹn. Øystein Aarseth tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ olórin Mayhem, tó ń pe ara rẹ̀ ní Euronymous, tẹnu mọ́ ọn pé Sátánì inú Bíbélì gan-an lòun ń sọ, oníwo, olùfìyàjẹni, pé òun kò bá àwọn tó ń fi Sátánì wàásù òmìnira da nǹkan kan pọ̀. Ibo ni Ẹlẹ́gbára, onílé oríta, tó ń gbẹ́bọ dé ibi tó yẹ kó dé, ti wọ irú èyí? Ẹ kọ Sátánì. Ní Brazil, níbi tí àwọn ìjọ kan ti ń fi Exu pe Bìlísì, ilé òrìṣà ni àwọn kan ń tìtorí ẹ̀ dáná sun.

Ẹnì kan tún ní, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé wọ́n ní àwọn ń gbẹ̀san òrìṣà baba ńlá àwọn ni, ká máa pe àwọn tó dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì ní ‘oníṣẹ̀ṣe Norway’. Àyà mi já nígbà tí mo kà á. Ẹ wo Fantoft ní Bergen, ṣọ́ọ̀ṣì onígi tí iná jó deérú ní 6 oṣù kẹfà 1992. Nǹkan bí 1150 ni wọ́n kọ́ ọ sí abúlé Fortun. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wó o dànù ní 1883, wọ́n tú u, wọ́n kó igi rẹ̀ wá sí Fantoft, wọ́n tún un tò. Lára irú ṣọ́ọ̀ṣì onígi bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí ọnà ejò àti ẹranko tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wọn jogún láti ayé kí ẹ̀sìn Kristi tó dé. Ẹni tó ní òun ń gbèjà baba ńlá, tó wá dáná sun ọnà baba ńlá! Varg Vikernes, tó ń fi orúkọ Burzum gbé orin jáde, fi àwòrán àjókù Fantoft ṣe èèpo àwo orin tó pè ní Aske, tó túmọ̀ sí eérú. Ilé ẹjọ́ kò dá a lẹ́bi ti Fantoft, ó dá a lẹ́bi ti ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, Holmenkollen ní Oslo sì wà lára wọn. Sátánì ni àwọn oníròyìn kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n; lẹ́yìn náà ó ní Odin, òrìṣà àtijọ́ ilẹ̀ wọn, lòun mọ̀. Ní 2014, ilé ẹjọ́ kan ní Paris dá a lẹ́bi pé ó ń ru ìkórìíra ẹ̀yà sókè. Oníṣẹ̀ṣe ní àgbà tó kọ́ ọ, ó ní ojúbọ tó jogún. Ẹ fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ‘fènìyàn rúbọ’ tí ẹ fi ń pe ìpànìyàn inú ìtàn yìí kúrò. Òǹkàwé wa máa rò pé oògùn owó ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ burú tó láìsí àbùlà. Per Yngve Ohlin, ará Sweden tó ń kọrin fún Mayhem, pa ara rẹ̀ ní oṣù kẹrin 1991. Aarseth ló bá òkú nílé. Kó tó pe ọlọ́pàá, ó jáde lọ ra kámẹ́rà, ó padà wá, ó ya òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní fọ́tò. Ní oṣù kẹjọ 1992, Bård Eithun, onílù ẹgbẹ́ Emperor, gún ọkùnrin kan pa ní Lillehammer, ẹni tí kò mọ̀ rí. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 14. Ní 10 oṣù kẹjọ 1993, Vikernes gún Aarseth fúnra rẹ̀ pa nílé rẹ̀ ní Oslo, ojú ọgbẹ́ 23 ni wọ́n kà. Vikernes ní òun ń gba ara òun là ni, ilé ẹjọ́ kò gbà. Ọdún 21 ni wọ́n fún un ní 1994, kò sì sí ẹ̀wọ̀n tó gùn jù ìyẹn lọ nínú òfin wọn nígbà yẹn. Ó jáde ní 2009. Lọ́dún tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ gan-an, Mayhem gbé De Mysteriis Dom Sathanas jáde: gìtá Aarseth ló wà níbẹ̀, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tí Vikernes ta sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ṣì máa ń gbọ́ àwo yẹn, inú mi kì í sì í dùn sí ara mi. Ìpànìyàn ni ká pe ìpànìyàn.

Àbá tèmi wá rèé: ‘mẹ́tàlì òkùnkùn’. Òkùnkùn gbé ibi àti ìbẹ̀rù tó wà nínú black yẹn, kò sì fọwọ́ kan àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó tún bá ilẹ̀ wọn mu, torí ní àríwá Norway oòrùn kì í yọ rárá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà òtútù, òtútù àti òru sì kún inú orin wọn. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ‘ẹgbẹ́ òkùnkùn’ ni yóò sọ sí wa lọ́kàn, àwọn ọmọ yunifásítì tó ń fi àáké pa ara wọn. Kó sọ sí wa lọ́kàn díẹ̀, kò burú. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí olùtumọ̀ wa fi ‘ẹgbẹ́ òkùnkùn’ pe àwọn tó ń yí Aarseth ká. Aarseth fẹ́ kí ayé gbà pé ẹgbẹ́ awo kan wà lóòótọ́, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ti sọ pé orúkọ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 25, tó ń péjọ ní àjà ilẹ̀ ilé ìtajà kan, ni wọ́n.

Ti ọ̀dà dúdú àti funfun tí àwọn olórin yìí ń kùn sójú ńkọ́? ‘Ẹfun’ tí ẹnì kan dá lábàá, ọmọ Ọbàtálá ló ń kùn ún, funfun rẹ̀ sì jẹ́ ti ìwà mímọ́. Ohlin fẹ́ jọ òkú gidi ni. Àwọn tó bá a ṣeré ròyìn pé ó máa ń rí aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kó lè máa rùn. ‘Ọ̀dà òkú’ tó, kò sì nílò àlàyé.

Ní ti ‘ìran’ tí olùtumọ̀ wa lò fún gbogbo àwọn olórin àtàwọn olólùfẹ́ wọn, agbo ni. A ní agbo fújì, a ní agbo ìjó, agbo mẹ́tàlì òkùnkùn ò lè ṣe èèyàn léèmọ̀. Kó sì tún tún ibi kan ṣe kó tó gbé àròkọ náà jáde: ó pe Helvete ní ilé ọtí. Ilé ìtajà àwo orin ni, Aarseth ló ṣí i ní Oslo ní 1991, ó tì í pa ní 1993. Ọ̀run àpáàdì ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí, àmọ́ kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, torí orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni.