Ẹ gbà mí o: bátìrì ń kú lára kẹ̀kẹ́ wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ni kí n lò?

Ọmọ Owé, Kàbà:
Ẹ̀yin ará, okun o. Inú mi ò dùn rárá lónìí. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń jókòó ti iṣẹ́ yìí lálaalẹ́ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Àwa mẹ́jọ la máa ń gun kẹ̀kẹ́ lárààárọ̀ Sátidé láti Kàbà lọ sí Ìyàrá. Nígbà míì a máa ń forí lé ọ̀nà Lọ́kọ́jà, níbi tí àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì ti ń sáré bíi pé ẹ̀mí èèyàn ò jọ wọ́n lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe iná ẹ̀yìn tó ń tàn yòò téèyàn bá tẹ bíréèkì, àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ń yí pẹ́dà ní ìṣẹ́jú kan. Méjèèjì ń ránṣẹ́ sí fóònù tó wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Bátìrì ló fẹ́ pa mí. CR2032 ni mo lò, bátìrì pẹlẹbẹ tó máa ń wà nínú rìmóòtù mọ́tò. Wákàtí kan kì í pé tó fi ń kú. Ẹni tó tà á fún mi ní Lọ́kọ́jà búra pé ojúlówó ni. Nígbà tí mo padà lọ, ó ní òun ò mọ̀ mí rí. Ìyàwó mi ní owó ọbẹ̀ ni mo ń kó sórí bátìrì. Àna mi ní kí n lo ANT+, ọ̀rẹ́ mi ní Bluetooth, ẹlòmíì ní Zigbee. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ kéékèèké fi ń ránṣẹ́ síra wọn láìní wáyà ni gbogbo wọn. Èwo ni kí n mú?

Ìyá Dúró, Mọ́pà:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bátìrì ayédèrú ti kún ìgboro. Mo ra méjì sínú ẹ̀rọ tí mo fi ń wo ìfúnpá mi, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n lò. Lọ ra èyí tó lówó lórí.

Dẹ̀ẹ́rẹ́bà Ẹ̀gbẹ̀:
Kí ni bátìrì rìmóòtù ń wá lára kẹ̀kẹ́? Fólítì 12 ni bátìrì tèmi, ó sì ń gbé iná méjèèjì àti rédíò.

Ọmọ Owé, Kàbà:
Ẹ̀gbọ́n, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo wí, kì í ṣe Márúwá.

Tíṣà Físíìsì, Ìsánlú:
Àbúrò, o sọ ti tírélà, o sọ ti ìyàwó, o ò sọ ohun tó yẹ ká mọ̀. Ẹ̀rọ wo ló ń ránṣẹ́? Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan?

Ọmọ Owé, Kàbà:
Ẹ̀yin tíṣà, mi ò rò pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà. ESP32 ni, bọ́ọ̀dù kékeré tó ní Wi-Fi àti Bluetooth nínú. Wi-Fi ni mo lò, torí òun ni mo kọ́ lórí YouTube, ọwọ́ mi sì ti mọ̀ ọ́n.

Tíṣà Físíìsì, Ìsánlú:
Ibẹ̀ gan-an ló wà. Nǹkan bíi 220 mAh ló wà nínú CR2032, ìyẹn ni pé tí ẹ̀rọ bá ń fa iná 1 mA, á lò ó fún wákàtí 220. Wi-Fi lórí ESP32 máa ń fa ju 100 mA lọ tó bá ń ránṣẹ́. Kò lè ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ lórí ìwé pàápàá, bátìrì pẹlẹbẹ yẹn ò sì lágbára láti tú iná tó tó bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Fólítì rẹ̀ á wálẹ̀, ẹ̀rọ á kú, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin Lọ́kọ́jà yẹn má jẹ̀bi. Bluetooth Low Energy ni kí o lò, Bluetooth tí kì í jẹ iná púpọ̀, èyí tó bá Bluetooth 4.0 dé ní 2010. Tí ẹ̀rọ rẹ bá ń jẹ ìpíndọ́gba 0.02 mA, tí o bá fi pín 220, wákàtí 11,000 ni. Ó lé ní ọdún kan.

Ìyá Dúró, Mọ́pà:
Àmọ́ kó ṣì ra bátìrì tó dáa.

Ọmọ Yàgbà l'Ékòó:
Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ò dárúkọ ANT+ fún un. Tìtorí irú iṣẹ́ yìí ni Dynastream ní Kánádà fi ṣe ANT, kí Garmin tó ra ilé iṣẹ́ náà ní 2006. Ẹ̀rọ kan á máa ké, gbogbo ẹni tó bá ní etí lá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ Bluetooth àtijọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka nǹkan bíi ti pẹ́dà rẹ, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá lóhùn.

Tíṣà Físíìsì, Ìsánlú:
Etí wo? Fóònù ni wọ́n ń lò, wọn ò ní kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ tó ń fi eré hàn lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. iPhone ò gbọ́ ANT+ fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ Android náà ò gbọ́ ọ. Ètò tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí àwọn ẹ̀rọ ANT+ gan-an ti kógbá wọlé ní 2025. Bluetooth náà lè ké láìso mọ́ ẹnikẹ́ni, fóònù mẹ́jọ á sì gbọ́.

Ọmọ Yàgbà l'Ékòó:
Àwọn tó ti ní kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ ṣì ń lò ó, mi ò ní gbà pé ó ti kú. Kó ra nRF52832, ṣíìpù tí ilé iṣẹ́ Nordic ṣe, ó ń ṣe ANT àti Bluetooth méjèèjì. Zigbee ni kó má wulẹ̀ dà á rò. Iná ilé àti ilẹ̀kùn ló wà fún, fóònù ò sì gbọ́ ọ.

Ọmọ Owé, Kàbà:
Ẹ má jà nítorí mi. Lálẹ́ àná mo pa Wi-Fi, mo fi Bluetooth dán an wò lórí ESP32 kan náà. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ ó ṣì kú kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ń já kúrò lára fóònù ṣáá. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò dì í dáadáa o. Inú agolo mílíkì ni mo gbé e sí, mo fi gọ́ọ̀mù dí ẹnu rẹ̀ pinpin, ẹ̀kán omi kan ò lè wọlé.

Tíṣà Físíìsì, Ìsánlú:
Agolo kẹ̀! Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí o kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Ìgbì rédíò kì í gba inú irin kọjá. Ẹ̀rọ rẹ wà nínú túbú, ó ń pe fóònù, fóònù ò gbọ́, ó tún ń pè. Ìpè yẹn ló ń mu bátìrì. Wá inú ike fún un. Ṣé iná pupa kékeré kan wà lójú bọ́ọ̀dù náà tí kì í kú?

Ọmọ Owé, Kàbà:
Ó wà níbẹ̀. Mo rò pé ó dáa kó máa tàn ni, kí n lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ Yàgbà l'Ékòó:
Yọ ọ́. Kódà tí ẹ̀rọ bá sùn, iná yẹn á ṣì máa jẹ bátìrì lọ. Má fi CR2032 sí iná ẹ̀yìn mọ́, iná tó ń tàn yòò ju agbára rẹ̀ lọ. Fi lithium tó ṣeé cháàjì sí i. Ti pẹ́dà nìkan ni kó lo pẹlẹbẹ.

Dẹ̀ẹ́rẹ́bà Ẹ̀gbẹ̀:
Èmi ṣáà sọ pé kó wá bátìrì ńlá.

Ọmọ Owé, Kàbà:
Mo ti fi ọ̀bẹ ya agolo náà, mo sì ti gbé e sínú ike ìpara ìyàwó mi. Mo fi áyọ́ọ̀nù ìjórin tú iná pupa yẹn kúrò, ó tó bí èèpo ìrẹsì. Mo gbé fóònù láti inú ṣọ́ọ̀bù dé ìdí igi máńgòrò, kò já lẹ́ẹ̀kan. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá nRF52832 méjì. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má bínú sí mi. Tí a bá dé láti Ìyàrá ní Sátidé, mo máa sọ ibi tí bátìrì dé fún yín.

Ìyá Dúró, Mọ́pà:
Ẹ máa rọra lójú ọ̀nà o. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn tan iná tiẹ̀ lójú ọ̀sán pàápàá.