Ojú Oorun Ni Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ta Ṣíà Bàbá Wa

Tó bá di ti àṣìṣe tí àárẹ̀ máa ń mú kí èèyàn ṣe, ọ̀rọ̀ ṣíà ni tèmi. Ó ká mi lára gan-an, torí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe òpè nídìí ọjà yìí rárá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ní Òṣogbo níbí. Àwọn ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń wo èrè ilé-iṣẹ́ kó tó ra ṣíà rẹ̀. Àwọn náà ló sáré títí tí ṣíà báńkì kan tí bàbá wa fi sílẹ̀ fi kúrò lórí ìwé àtijọ́, tó bọ́ sínú àkáǹtì CSCS, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ṣíà sí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ: ìwé kóòtù, ìbúra, ọ̀dọ̀ rẹ́jísítírà tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn tó ní ṣíà, "ẹ padà wá lọ́jọ́ báyìí".

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, iṣẹ́ òru ni wọ́n ti ń bọ̀. Aláìsàn kan kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ìdájí, nígbà tí wọ́n sì fi máa kúrò ní wọ́ọ̀dù, ọjà ṣíà ti ṣí. Wọ́n wọ kòrọ́pẹ̀, wọ́n há sínú gósílóò lọ́nà Ọláìyá. Ilé-ìwé ọmọ wọn ń pè nítorí owó táàmù, ẹnìkan sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí ẹni tó bá ní ṣíà báńkì yẹn tètè tà á, pé ó máa já.

Wọ́n ṣí áàpù. 1,000 ni wọ́n fẹ́ tà. Òdo kan lé sí i, ó di 10,000. Níbi tó yẹ kí wọ́n ti yan "limit", "market" ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Áàpù náà bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú. Wọ́n ní àwọn rántí pé àwọn tẹ ibẹ̀, àmọ́ àwọn ò rántí pé àwọn kà á.

Fún ẹni tí kò tíì mọ̀, tó o bá lo "limit", ìwọ lo dá iye tí o ò ní gbà kó dín sí. "Market" ni pé iyekíye tí àwọn tó ń rà bá dá, o ti gbà. Àwọn tó ń rà láàárọ̀ yẹn ò pọ̀, ni ṣíà bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọwọ́ ẹnìkan dé ọwọ́ ẹnìkejì. Òfin Exchange, ìyẹn ọjà ṣíà fúnra rẹ̀, ò jẹ́ kó já ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́, ṣùgbọ́n ìdá 10 nínú ogún bàbá ẹni kì í ṣe owó kékeré. Báńkì náà sì ti kéde dífídẹ́ńdì, ìyẹn èrè tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn tó ní ṣíà, wọn ò tíì ti ìwé orúkọ àwọn tó máa gbà á ni.

Ohun tó dùn mí jù ni pé owó náà ò lè wọlé lọ́jọ́ yẹn rárá. Ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni lẹ́yìn títà nígbà yẹn (mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dín in kù ní ìparí oṣù kọkànlá 2025). Ẹ̀gbọ́n mi mọ èyí ju èmi lọ. Ká ní wọ́n sùn wákàtí mẹ́rin péré, wọn ì bá rántí. A pe alágbàtà, ó ní ẹni tó rà á ti rà á nìyẹn.

Àwọn kan nínú ẹbí ní ojúkòkòrò ni. Mi ò gbà. Ara tó rẹ̀ kì í béèrè ìwé tí èèyàn kà.

Àwọn fúnra wọn ló rí ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n ní, "Ní wọ́ọ̀dù, a kì í fún èèyàn ní oògùn líle láìjẹ́ pé nọ́ọ̀sì kejì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwọ ni nọ́ọ̀sì kejì." Ní báyìí, kí wọ́n tó tà tàbí rà, wọ́n á pè mí. Mélòó? Èló? Kí ló dé tó fi jẹ́ òní? Tí mo bá gbọ́ oorun lóhùn wọn, ó di ọjọ́ mìíràn.

Díẹ̀díẹ̀ la ń ra ṣíà náà padà, ó ti gbówó lórí sí i, a sì tún ń san owó alágbàtà àti owó SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ṣíà, lé e. Màmá wa ò tíì gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru tí ẹ ò ní ẹni tí ẹ lè pè, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?